Ohùn Fusae Nínú Yàrá Ẹní Mẹ́fà

Nígbà tí àwọn akẹ́rù gbé ẹ̀rọ orin Sadanori dé Tokyo, wọ́n ní láti yọ ilẹ̀kùn yàrá kúrò kí sípíkà méjèèjì tó lè wọlé. Àwọn sípíkà náà ga dé àyà ènìyàn, wọ́n sì fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Yàrá tí wọ́n ń gbé wọn lọ kò ju yàrá ẹní mẹ́fà lọ, ìyẹn yàrá tó jẹ́ pé tí ènìyàn mẹ́rin bá sùn sílẹ̀, ẹni karùn-ún á lọ sùn níta. Fusae Nagatani, ìyàwó tí Sadanori kú fi sílẹ̀, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù náà ṣáá, bí ẹni pé òun ló bí àwọn sípíkà ọ̀hún.

Kanae, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń wo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, mo kúkú sọ fún yín. Ẹ bá ti tà wọ́n ní Himeji."

"Bàbá rẹ á jí dìde."

"Tí wọ́n bá jí, kí wọ́n wá gbé e wọlé fúnra wọn."

Fusae jẹ́ ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ìlú Himeji, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló sì rò pé òun máa kú sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sadanori kú, Kanae ò jẹ́ kó sinmi àfi ìgbà tó kó wá sí Nerima, àdúgbò kan ní Tokyo níhìn-ín, sínú ilé kékeré kan tí kò jìnnà sí tirẹ̀. Fusae gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun máa dá gbé ni o. Òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yọjú wo ìkòkò òun. Kanae náà gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń sọ pé a ó máa wò ó ná.

Kò pẹ́ tí ojú náà fi rí ohun tó ń wá. Fusae gbé ẹ̀wà dúdú kaná, ó lọ ká aṣọ, ó sì gbàgbé ẹ̀wà títí èéfín fi lé àwọn aládùúgbò jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọnù ní ibùdókọ̀ ojú irin Ikebukuro, níbi tí àwọn tí wọ́n bí sí àdúgbò pàápàá ti ń sọnù, ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú kí ọlọ́pàá kan tó bá a pe Kanae. Fusae rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Kanae ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mẹ́nu ba ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ilé tó mọ́, tó ní ọgbà òdòdó, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì kan àti àpótí aṣọ kan. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí oúnjẹ gbígbóná kó tó fi í sẹ́nu ọmọ.

"Ẹ yan èyí tó máa dúró àti èyí tó máa lọ," ó wí nípa ẹ̀rọ orin. "Kí ọdún tuntun tó dé, kí yàrá yìí di yàrá tí ènìyàn lè gbà kọjá."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa wọn. Bàbá rẹ ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò rí i? Ẹ jẹ́ kí n ra èyí tó ń gba orin látorí fóònù fún yín. Kò tóbi ju abọ́ ìrẹsì lọ."

"Tí mo bá fẹ́ abọ́ ìrẹsì, mo ní abọ́ ìrẹsì nílé."

Bó ṣe ń yẹ̀yẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípíkà ni Kanae ń sọ. Bí òun bá lè fúnra òun yan ohun tó yẹ, kí òun tò ó, kó sì dún dáadáa, Kanae á gbà pé orí òun ṣì pé, òun á sì máa dá gbé lọ. Bí òun bá ba nǹkan jẹ́, ọgbà òdòdó ló kù yẹn.

Ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó di Akihabara, àdúgbò àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ní ilé ìtajà ẹ̀rọ orin kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró kan níbẹ̀, tí àwọn ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ti máa ń jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà láàrin yàrá, tí wọ́n á dijú, tí wọ́n á máa gbọ́ orin bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sì kán ẹnikẹ́ni lójú. Ó bu tíì fún Fusae, ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ láti orí dé ìdí.

"Màmá Nagatani, àwo orin wo lẹ mọ̀ jù láyé yìí?"

"Kí ló dé?"

"Òun lẹ máa fi ṣe adájọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ to ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní àwo kan tí kò lè purọ́ fún un. Ẹ gbé e wá, a jọ máa gbọ́ ọ."

Fusae mọ àwo náà lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ilé iṣẹ́ òwú ní Himeji ló ṣe é, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Iye tí wọ́n tẹ̀ ò pọ̀, àwọn ẹbí àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n pín in fún. Nínú orin kejì lẹ́yìn àwo náà, gbogbo ẹgbẹ́ á dákẹ́, Fusae nìkan á kọ. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni òun àti Sadanori ti pàdé. Títí tí ọkùnrin náà fi kú ló ń sọ pé tìtorí kí òun lè gbọ́ ohùn yẹn dáadáa lòun ṣe ń ra gbogbo ẹ̀rọ tí òun ń rà, tó bá sì ti mu ọtí díẹ̀, á ní kò sí irú ohùn náà ní gbogbo agbègbè Harima tí Himeji wà. Fusae á ní kó panu mọ́. Inú rẹ̀ á sì máa dùn títí di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n kí ó gbé ohùn ara rẹ̀ wá sí Akihabara, síwájú àwọn ọkùnrin tó ń dijú yẹn? Ojú ń tì í. Ó ní òun máa fi ṣe adájọ́ nílé.

Nígbà tó délé, ó so gbogbo wáyà gẹ́gẹ́ bí Sadanori ṣe máa ń so ó. Ìyẹn ò nira, nítorí Sadanori ti lẹ àmì pupa àti àmì funfun mọ́ gbogbo ibi tí ọwọ́ lè dé. Ó tan ámpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, gílóòbù inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó nu àwo náà, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní. Nígbà tó dé ibi tí ẹgbẹ́ ti dákẹ́, ohùn kan jáde. Kì í ṣe ohùn Fusae.

Ohùn náà wà nísàlẹ̀, ó ń wọ́, bí ohùn ìyá arúgbó kan tó ń ka orúkọ òkú níbi ìsìnkú. Ó wo ibi tí wọ́n ti ń yan bí àwo ṣe máa yára tó. Ibi tó yẹ kó wà ló wà. Ó yí i sí èkejì, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹyẹ tí ológbò ń lé. Ó dá a padà. Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ padà, ó ń wọ́ lọ.

Ó padà lọ sí Akihabara.

"Ó wúwo," ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi. "Ó sì ṣókùnkùn."

"Áà," Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi dáhùn, ó mi orí bí dókítà. "Wáyà bàbà nìyẹn. Ẹ gbìyànjú wáyà fàdákà."

Fusae ra wáyà fàdákà. Ìyá arúgbó ń wọ́ lọ. Ó padà lọ, ó ní ó ṣì ṣókùnkùn. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ní kó fa sípíkà kúrò lára ògiri. Ó fà á títí ó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń fi kọjá láàrin wọn bí alákàn. Ó tún padà lọ, Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi fún un ní pákó igi líle mẹ́rin tí wọ́n ń gbé sípíkà lé. Nígbà tó tún padà lọ, ọ̀rọ̀ kan ámpù: ó ṣeé ṣe kó ti rẹ àwọn gílóòbù inú rẹ̀.

Ẹ má rò pé oníjìbìtì ni Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé ohùn yìí móoru, ti tọ̀hún tutù, ti ẹlẹ́yìí ní afẹ́fẹ́ nínú, tí ìyá kan bá dé tó ní ohùn òun ṣókùnkùn, ta ni yóò bi í pé báwo ló ṣe ṣókùnkùn tó? Ọkùnrin náà tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wá gbọ́ ọ nílé. Fusae ní ilé òun ò tíì tò. Kò lè jẹ́ kí àlejò bá ìyá arúgbó yẹn nílé kí ó sì ní òun ni.

Nígbà tí gbogbo nǹkan tó ṣeé pààrọ̀ ti di pípààrọ̀ tí kò sí ìyàtọ̀, Fusae jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àwo yòókù náà ń wọ́. Bí ẹ̀rọ ò bá ní ẹ̀ṣẹ̀, tí wáyà ò ní ẹ̀ṣẹ̀, ta ló kù? Òun ló kù. Yálà etí òun ti bàjẹ́, tàbí orí òun. Ó mọ̀ pé òun gbọ́ àwo yìí ní Himeji lọ́dún tó kọjá tó dún geerege. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹ̀rí orí tó gbàgbé ẹ̀wà sórí iná?

Èyí tó dùn ún jù wá dé. Bóyá bí àwo náà ṣe máa ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Bóyá ohùn òun ò fìgbà kan dára rí. Bóyá òun fúnra òun lòun hun ohùn dídùn yẹn sínú orí, tí Sadanori sì ń fi àánú bá òun hun ún láti ọdún yìí wá. Ọjọ́ tí èrò yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò lè jẹun. Àárò Sadanori ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà inú bí i sí i pẹ̀lú.

Àsìkò yẹn gan-an ni Kanae wọlé bá a. Orin náà ń lọ lọ́wọ́. Láti kékeré ni Kanae ti máa ń sá jáde bí bàbá rẹ̀ bá ti gbé àwo lé ẹ̀rọ, nítorí náà kò mọ ọ̀kan nínú wọn yàtọ̀ sí èkejì. Ó dúró, ó gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin?"

"Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà yẹn."

Kanae wò ó. Ó wo àwo tó ń yí. Ó tún wò ó.

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì gún Fusae lọ́kàn. Kí Kanae tó lọ, wọ́n ti fẹnu kò pé wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìrántí àwọn àgbàlagbà wò. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé. Fusae pe Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi lórí fóònù, ó ní kó wá kó gbogbo rẹ̀, àti sípíkà, àti ámpù, àti èyí tó ń yí àwo, kó ra gbogbo rẹ̀ ní iye tó bá fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ní òun á gbé ọkọ̀ wá ní ọ̀sán Ọjọ́rú.

Ní Ọjọ́rú náà, Fusae ń gé rádíìṣì funfun sínú ọbẹ̀, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé. Kò fetí sí i. Bó ṣe ń gé e lọ, ẹnu rẹ̀ ṣí, ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo tó fà gùn. Lẹ́yìn náà ni rédíò ṣe pí, pí, pí, láti sọ fún gbogbo ìlú pé ọ̀sán ti pé.

Ohùn kan náà ni.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ òwú, àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni ẹgbẹ́ akọrin máa ń kọ́ orin. Yàrá oúnjẹ ò ní dùùrù. Ẹni tó ń darí wọn, ọkùnrin kan tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ láéláé, á gbé rédíò sórí tábìlì, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á máa dúró de pí, pí, pí ti agogo méjìlá. Ohùn yẹn, la ni, la inú do-re-mi. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń fi í yí aago wọn, àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ òwú ń fi í mú ohùn. Ọjọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni Fusae ń mú la látẹnu rédíò. Nígbà tó yá, kò nílò rédíò mọ́, la á ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí agogo tó lù.

Ó pa iná ọbẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pé ó pa á lóòótọ́. Ó jókòó síwájú rédíò, ó ń dúró de agogo kan. Ìròyìn wá, ó kọjá; ẹnìkan sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń gé igi ọgbà, ó kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀, ó ṣí ẹnu, ó mú la, ó dì í mú. Rédíò ṣe pí, ó bọ́ sórí ohùn rẹ̀ bí ìdérí ṣe ń bọ́ sórí ìkòkò tirẹ̀.

Ó sáré wọ yàrá, ó fẹ̀gbẹ́ kọjá láàrin sípíkà, ó gbé àwo lé e. Orí la ni òun fúnra òun ti bẹ̀rẹ̀ orin náà, ó dá a lójú bí orúkọ rẹ̀ ṣe dá a lójú. Ẹgbẹ́ dákẹ́. Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀. Fusae mú la tirẹ̀, ohùn àwo sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó ti ja bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Kì í ṣe etí òun. Kì í ṣe orí òun. Ẹ̀rọ ló ń purọ́.

Ó jókòó sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, mímí tí kò tíì mí láti ọjọ́ Ikebukuro.

Bí Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi, kì í ṣe pé ó ṣókùnkùn. La inú àwo yìí kì í ṣe la. Ó ti wálẹ̀, ó sì ń falẹ̀."

"Ó ń falẹ̀?"

"Ẹ wá gbọ́."

Ó gbọ́ ọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó wo ẹ̀rọ tó ń yí àwo, ó tẹ̀ ba láti ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, nígbà tó sì dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Màmá Nagatani, níbo ni ẹ̀rọ yìí ń gbé tẹ́lẹ̀?"

"Himeji."

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi jókòó sílẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Himeji. Mo sì ń ta wáyà fàdákà fún yín."

"Kí ni Himeji ṣe?"

"Iná, Màmá. Iná ìwọ̀-oòrùn."

Ìgbà náà ni Fusae rántí, ẹ̀rín sì gbá a mú. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé, Tokyo ní ìlà-oòrùn ra ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, Osaka ní ìwọ̀-oòrùn ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, kò sì sẹ́ni tó gbà láti yí tirẹ̀ padà títí dòní. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, iná ń lù ní ìgbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìhà ìlà-oòrùn, àádọ́ta péré. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá kó láti ìhà kan lọ sí èkejì gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ ṣe. Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì, nítorí náà gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Ẹ̀rọ Sadanori kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Mọ́tò rẹ̀ ń bá ìlù iná rìn ni. Ó gbéra sáré ní Himeji, ó dé Nerima, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin náà gbàgbé?" Fusae bi í.

"Èmi náà gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn."

"Ẹ bá mi lọ sọ fún ọmọ mi pé ẹ gbàgbé. Kó mú yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la dípò mi."

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ń forí balẹ̀ ṣáá, ó ní òun á gba wáyà fàdákà padà, òun á gba pákó padà, òun á dá gbogbo owó rẹ̀ padà. Fusae ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó kúrò ní ẹ̀rín tó di ẹkún. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó bu tíì fún ọkùnrin náà, ó ní kó yé fi iwájú orí nu ẹní òun.

Àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi púlì méjì sí i, ọ̀kan fún iná kọ̀ọ̀kan, kí oníbàárà tó bá kó ilé lè pààrọ̀ rẹ̀. Sadanori kì í sì í sọ nǹkan nù. Wọ́n bá èkejì nínú agolo bísíkíìtì tó ń kó ìṣó àti nọ́ọ̀tì sí, irin róbótó kékeré kan tó fi díẹ̀ sanra ju èyí tó wà lórí mọ́tò, kó lè mú àwo yára sí i. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi fi í síbẹ̀.

Fusae ò kọ́kọ́ gbé àwo lé e. Ó ní kí wọ́n yọ wáyà fàdákà ná, kí wọ́n dá ti Sadanori padà. Nísinsìnyí tó mọ̀ pé etí òun pé, ó mọ ohun tó fẹ́. Èyí tó ń yí àwo máa dúró. Ámpù máa dúró, ó tiẹ̀ máa ń mú yàrá móoru. Sípíkà máa lọ, kí Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi bá a wá méjì kékeré tó ṣeé gbé lé orí àpótí.

"Ó dá yín lójú?" ọkùnrin náà béèrè. "Àwọn ọkùnrin wà ní ilé ìtajà mi tí wọ́n máa sunkún tí wọ́n bá rí ìwọ̀nyí."

"Kí wọ́n gbé e, kí wọ́n lọ sunkún nílé wọn. Ohùn obìnrin ò nílò kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ rí ibi gbà kọjá."

Wọ́n ti ta okùn mọ́ ọ̀kan lára sípíkà náà nígbà tí Kanae dé láti ibi iṣẹ́. Ó rí àlejò, ó rí okùn, ó rí ojú ìyá rẹ̀ tó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ jẹ́jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe yìí ló dára jù. Fusae nawọ́ sí ẹní.

"Jókòó. Má sọ̀rọ̀."

Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rìn bí ọ̀dọ́ ṣe ń rìn. Wọ́n dákẹ́. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde, ó mọ́, ó lọ tààrà sókè láìwá ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi dijú. Kanae la ẹnu sílẹ̀.

"Gbọ́ báyìí," Fusae wí. "Mo máa tó mí níbi tí kò yẹ kí n mí. Ó máa gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì."

Ọmọbìnrin inú àwo mí, ó gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Fusae pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni," Kanae wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Láti ìgbà tí mo ti dé Nerima, mi ò gbọ́ ọ bó ṣe yẹ rí. Inú orí mi ló wà. Iná yín ló ń sọ ọ́ di òmíràn."

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi tún forí balẹ̀, fún ọmọ lọ́tẹ̀ yìí. Kanae gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì bo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀rù bà mí, Màmá. Ẹ̀rù bà mí gan-an."

"Ó ba èmi náà."

"Mo máa pè wọ́n pé a ò wá mọ́ lọ́la."

"Kí ló dé? A ń lọ. Mo jó ẹ̀wà, irọ́ kọ́. Kí wọ́n bi mí ní ohun tó bá wù wọ́n. Tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí."

Orin ò tíì tán. Gbogbo ẹgbẹ́ ti wọlé padà, àwọn ọkùnrin sì ń kọ nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ń falẹ̀, ariwo lásán ni wọ́n, bí ọkọ̀ ńlá tó dúró sẹ́yìn ilé. Ní báyìí, ènìyàn lè kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fusae ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó máa ń pẹ́ wọlé. Àwọn tó kù á ti gbé ọ̀rọ̀, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e. Ẹni tó ń darí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e lọ. Ojú mi ló ń wò, kò wo ọwọ́ ẹni tó ń darí."

Kanae gbé ojú sókè.

"Bàbá?"

"Ta tún ni?"

Kanae fi orúnkún rìn lórí ẹní títí ó fi dé iwájú sípíkà tí okùn ò tíì dé. Ó gbé etí sún mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wọn pọ̀, lẹ́yìn wọn ni ohùn kan tó wúwo, tí kò kánjú, wá gbé e tirẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń dáhùn nílé nìyẹn bí wọ́n bá pè é wá jẹun. Kanae gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ di ara sípíkà náà mú, kò sì kúrò níbẹ̀ títí àwo fi parí.

"Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn," Fusae sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ohùn ìsàlẹ̀ ló nílò sípíkà ńlá. Ọdún gbọọrọ ni ọkùnrin yìí fi ń sọ fún mi pé tìtorí tèmi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ń wo tíì rẹ̀. Kanae fi apá nu ojú. Ó yíjú sí sípíkà kejì, ó wá ibi tí wọ́n ti ta okùn náà ní kókó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Kò sí ibi tí ènìyàn máa gbà kọjá," Fusae rán an létí.

"A ó máa fẹ̀gbẹ́ kọjá, Màmá," Kanae wí.